Obìnrin Arúgbó Tó Sọ Ilé Ọmọ Mi Di Ṣọ́ọ̀bù

Abúlé Ìdí-Apá,
Ọ̀nà Iléṣà.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tí n kò lè jẹ.

Tolúwalọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé Bólúwadúró, ọkọ mi kékeré, ń mu ọyàn dáadáa? Èmi àti àwọn ará ilé wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó kó ọ yọ lórí ìkúnlẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní Ìgandò. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ sunkún kò ní rí ọ̀nà ilé rẹ, tó bá sì rí i, kò ní bá ọ nílé. Ṣe àmín rẹ sókè kí o tó ka ìyókù, nítorí ibí ni ìkíni parí sí. Inú ń bí mi.

Inú ti ń bí mi láti ọjọ́ Àìkú tí o pè mí. N kò tíì tú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì tí mo fi gbé fóònù sétí, tí o ní wọn ò gbà. O ní lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí ìwọ àti Simeon ọkọ rẹ ṣe, iléeṣẹ́ iná ní ṣọ́ọ̀bù ni ilé tí ẹ háyà, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ó sì máa san lọ. Mo ní kí o tún un sọ, o tún un sọ, ohùn rẹ ń gbọ̀n, ni fóònù bá já. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi. N kò pè ọ́ padà nítorí pé ohun tó wà nínú mi pọ̀ ju ohun tí káàdì igba náírà lè gbé lọ. Mo ní ìwé ni màá kọ. Abdulganiyy tó ń fi mọ́tò kó gàrí lọ sí Ìyànà Ìpájà yóò bá mi mú un wá lọ́jọ́bọ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi jókòó.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ pé ìyá rẹ kò gọ̀. Ìyá Qonitah ló gbé inú ilé yẹn kí ẹ tó dé, pálọ̀ iwájú ló sì ti ń ta ẹja inú yìnyín. Ìgbà náà ni wọ́n kọ ilé náà sínú ìwé iná pé ṣọ́ọ̀bù ni. Kò burú, ṣọ́ọ̀bù ló fi ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti kó lọ. Fíríìsà rẹ̀ ti bá a lọ, òórùn ẹja náà ti lọ, pátákó rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lókè fèrèsé. Mítà ni kò tíì gbọ́. Àpótí kékeré ara ògiri yẹn, tí ẹ máa ń tẹ ogún nọ́mbà sí nínú kó tó fún yín níná, ó ṣì rò pé Ìyá Qonitah ni yín, owó ẹja ló ń gbà lọ́wọ́ yín látàárọ̀ dalẹ́, ẹja kan ṣoṣo kò sì sí nílé yín àfi èyí tó bá wà nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú àwọn oníná yẹn jókòó, kó ṣàlàyé fún mi bí iná ṣe ń mọ̀, nínú wáyà tó ti ń bọ̀, bóyá ẹja ni òun ń lọ mú tutù tàbí ọmọ jòjòló ni òun ń lọ fẹ́ atẹ́gùn sí. Ṣé kì í ṣe iná kan náà ni? Mo wo mítà yẹn dáadáa nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ. Kò lójú, kò létí, iná pupa kékeré kan ló ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń kí i. Mo tilẹ̀ fi òróró àdúrà kùn ún lórí lọ́jọ́ kan tí ẹ jáde, mo bẹ̀ ẹ́ pé ọmọ tuntun wà nílé o, kó rọra máa jẹ owó wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í han pé owó ti tán. Aláìmoore.

Kí ni wọ́n ní kí ẹ mú wá tí ẹ kò mú? Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkòtún, ẹ gba fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n yí ilé náà padà sí ilé gbígbé. Ẹ kọ ọ́. Wọ́n ní kí ẹ mú ìwé àdéhùn ilé wá, ẹ mú un wá. Wọ́n ní lẹ́tà lánlọ́ọ̀dù, ẹ mú un wá. Wọ́n tún ní fọ́tò Simeon méjì. Kí ni wọ́n fẹ́ fi fọ́tò àna mi ṣe? Mo rò pé mítà ni wọ́n fẹ́ fi hàn, kó lè máa dá a mọ̀ yàtọ̀ sí Ìyá Qonitah. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò ọmọ ni ẹ̀ bá fún wọn, kí mítà rí ojú ẹni tó ń fìyà jẹ.

Nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ń dùn mí jù. O ní ara rẹ̀ ti sú láti ọrùn dé ìdí nítorí ooru. O ní iná wà lóde, iná wà nílé àwọn aládùúgbò, ṣùgbọ́n ẹ ń pa fáànù nítorí kí ohun tó kù nínú mítà lè dé òpin ọ̀sẹ̀, o wá ń fi páálí fẹ́ ẹ títí ọwọ́ rẹ yóò fi kú. Ọkọ rẹ sì ti sọ pé bí oṣù yìí bá parí tí wọn kò yí i padà, ẹ ó kó lọ sí Àgbàdo, owó ilé ọdún kan tí ẹ san kò ní jáde mọ́. Gbogbo èyí nítorí ẹja tí ẹlòmíì tà.

Ohun tó wá mú orí mi gbóná ni ti obìnrin arúgbó yẹn. O ní wọ́n rán ọkùnrin kan wá wo ilé nígbà tí o kò sí níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun bá ọjà nílẹ̀, òun rí àwọn èèyàn tó ń gbé ọjà jáde, àti pé obìnrin arúgbó kan wà níbẹ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé ṣọ́ọ̀bù ni. Arúgbó wo? Lọpẹ́, arúgbó wo? Odindi ogójì ọjọ́ ni mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ, iwájú ilé yẹn ni mo máa ń jókòó sí, n kò rí arúgbó kankan tó yà síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní ìkángun àdúgbò yín, n kò mọ ẹlòmíì. Ojú ìyá yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn láti ọjọ́ tó ti ta bọ̀ọ̀lì jíjóná fún mi tó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe dùn.

Ẹni yòówù kó jẹ́, bírò dúdú ni mo fi ń kọ èyí kó má baà parẹ́. Kí ọbẹ̀ gbígbóná máa jó ahọ́n tó fi sọ ọ́. Kí iyọ̀ tán nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rí ẹran rà. Kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì máa ro ó láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kó máa wá awò ojú rẹ̀ kiri nígbà tó bá wà lójú rẹ̀. Mo ní kí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ tó bá wà nínú ìwé tí wọ́n fún yín, o ní kò pọn dandan. Ó pọn dandan! Mo ti ní kí Ọláníyan, tíṣà tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, pè ọ́ kó sì gbà á wá sórí fóònù rẹ̀ ńlá. Mo fẹ́ mọ ojú rẹ̀.

Jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ìròyìn ilé nìyí. Ewúrẹ́ dúdú bímọ méjì. Ìyá Bàrákàt ń kí ọ, ó ní gàrí tí òun fi rán mi dé ọwọ́ àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìdín. Báwo ni ìbá ṣe dín, èmi tí mo dúró tì í? Ṣé o rántí pé nígbà tí wọ́n gbọ́ lábúlé pé mò ń bọ̀ wá wẹ ọmọ ní Èkó, gbogbo ilé ló gbé ẹrù jáde, kí n bá wọn mú un fún àwọn ọmọ wọn. Kò sí bí mo ṣe lè kọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń bá mi mú tìrẹ wá tẹ́lẹ̀. Àpò gàrí mẹ́fà, èlùbọ́ mẹ́rin, kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́sàn-án ni mo tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé rẹ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn ọmọ wọn fi ń ti Ẹ̀gbẹ́dá àti àdúgbò Command wá gbé tiwọn. Èyí tó bá jẹ́ àpò kan fún ọmọ mẹ́ta, kóńgò ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe ojúsàájú.

Àárín ìgbà yẹn náà ni amí tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ rán wá fi dé. N kò sọ fún ọ nígbà náà nítorí pé abiyamọ ni ọ́, n kò fẹ́ kí o máa ronú. Ọjọ́ tí ẹ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ni. Ṣé o mọ̀ pé lọ́jọ́ ìkómọ, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ obìnrin ń sọ nínú kíṣìnnì pé láti ìgbà tí o ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, àbúrò òun nìkan ló ń dá ẹrù rù, ìyàwó jókòó sílé. Mo gbọ́, mo gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọkùnrin kan wọlé wẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́ ọrùn. Mo ní nínú mi pé ẹni yìí fẹ́ràn ara rẹ̀ o. Ó béèrè orúkọ ọkọ rẹ, ó béèrè ìgbà tí ẹ kó dé, ó wá ń wo ẹrù, ó bi mí pé ṣé wọ́n ń tajà níbí ni. Mo ti mọ ẹni tó rán an kó tó parí ọ̀rọ̀.

Lọpẹ́, mo fún un lésì! Mo ní ọmọ mi kò jókòó lásán o, láti Ìgandò dé Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti ń wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní gàrí ni, epo ni, èlùbọ́ ni. Mo na ọwọ́ sí pátákó Ìyá Qonitah, mo ní ẹja náà ń bẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni. Ó ní Mà, ṣé ó dá yín lójú pé ibi ìtajà ni. Mo ní èmi ìyá rẹ̀ ni, ta ni kó dá lójú tí kò bá dá mi lójú. Ó yọ fóònù, ó ya gbogbo ẹrù náà, mo sì dúró dáadáa kó lè yà mí mọ́ kóńgò. Ó dúpẹ́, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ṣé o tún ti gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ sọ pé o jókòó? Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. N kò lè kọ púpọ̀. Ọbẹ̀ ilá jó mi láhọ́n lálẹ́ àná, orúnkún mi méjèèjì sì ro mí mọ́jú, n kò mọ ohun tó fà á, n kò ṣáà ṣiṣẹ́ kankan. Mo ti ronú ohun tí ẹ lè ṣe. Ẹ kó gbogbo aṣọ ìdí Bólúwadúró, ẹ sá a sí iwájú ilé láti òpin kan dé èkejì, kí ẹ má kó o wọlé. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń sá aṣọ ìdí ọmọ. Bí ọkùnrin oníná yẹn bá tún kọjá, kó wò ó, kó ní òun kò mọ̀ pé ilé ni.

Ọjọ́rú. Lọpẹ́, kíákíá ni mo ń kọ èyí, fara dà á tí o kò bá rí i kà dáadáa.

Ọláníyan wá láàárọ̀ yìí. Ó jókòó, ó ní ewúrẹ́ ń ṣe dáadáa, ó ní òjò rọ̀, ó ń sọ oríṣiríṣi. Mo ní fọ́tò dà. Ó ní o ti fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n o bẹ òun pé tí inú mi bá ti rọ̀, kí òun má wulẹ̀ fi hàn mí. Mo ní inú mi kò rọ̀. Mo wá awò ojú mi títí, ojú mi ló wà. Ó gbé fóònù náà sí mi lọ́wọ́.

Mo rí obìnrin náà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan kọ sí wa, kóńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yan bí ìyálọ́jà. Mo ní arúgbó burúkú, ojú ẹ rèé! Mo ní kí Ọláníyan mú un tóbi, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Ni mo bá rí i pé gèlè aláwọ̀ ewé tí Ẹgbẹ́ Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa rà nígbà ìkórè ló wé. Mo ké. Mo ní olè ni, gèlè mi ló wé yẹn! Mo wo ìró rẹ̀, ìró mi ni, mo rí ibi tí mo ti fi òwú funfun rán an. Mo ní ẹ ṣáà wò ó, obìnrin yìí wọ ilé ọmọ mi nígbà tí mo lọ wẹ̀, ó kó aṣọ mi wọ̀, ó gbé kóńgò mi, ó ń ta gàrí Ìyá Bàrákàt fún aráyé! Mo ní kí Ọláníyan bá mi pe ọlọ́pàá. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ tó fi di kóńgò mú.

Mo wò ó. Ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gùn tó bó ṣe yẹ. Àdá ló bù ú lóko kòkó, lọ́dún tí mo lóyún rẹ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ mi, èmi ni.

N kò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí, mo sì ṣì ń bínú. Mò ń bínú sí ọmọkùnrin yẹn, tó gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́ ọrùn dípò kó fi ẹnu sọ pé iléeṣẹ́ iná ni òun ti wá. Mò ń bínú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ń fèsì sí, ẹni ẹlẹ́ni ló sì gba èsì náà. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo ń bínú sí jù. Mo fi ọwọ́ ara mi wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́, mo sì fi ẹnu ara mi pa fáànù rẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, o ti rí fọ́tò yẹn. O ní obìnrin arúgbó kan, o kò ní Màmá, ẹ̀yin ni. Mò ń halẹ̀, mò ń búra, o jẹ́ kí n máa bínú lọ. Mo rò pé ẹkún ló mú ohùn rẹ gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rín ni, n kò bínú, ó tọ́ sí ọ.

Ó ti tó. Ọláníyan ní ìwé tí wọ́n fún yín sọ pé bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ takò nínú rẹ̀, kí ẹ wá kí oṣù yìí tó parí. Màá wá fúnra mi. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Ọláníyan, láti Iléṣà dé Ìyànà Ìpájà, àti èyí tí yóò gbé mi dé Ìkòtún. Fi ti òògùn orúnkún kún un. N kò ní kó ẹrù ẹnikẹ́ni dání lọ́tẹ̀ yìí, mo ti sọ fún gbogbo abúlé, wọ́n ti ń bínú sí mi, kí wọ́n máa bínú. Kí Simeon gun àga, kó yọ pátákó Ìyá Qonitah lónìí, kó má dọ̀la.

Bí mo bá dé, màá wé gèlè aláwọ̀ ewé yẹn kí wọ́n lè dá mi mọ̀, màá pọn Bólúwadúró, màá sì dúró níwájú ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá wọn. Màá sọ fún un pé mo parọ́. Màá ní ọmọ mi kò ta gàrí, kò ta epo, kò ta ẹja. Ilé ló ń gbé, ọmọ ló ń tọ́, ara ọmọ náà nìyí, kí wọ́n wo bó ṣe sú. Ọ̀rọ̀ yẹn yóò wúwo lẹ́nu mi, mi ò ní tàn ọ́, nítorí pé ó wù mí kí n máa pè ọ́ ní oníṣòwò ńlá níwájú àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ sókè. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ bá wà níbẹ̀, kó gbọ́.

Mo fẹ́ ya ojú ìwé tí mo ti ṣépè fún arúgbó yẹn, ṣùgbọ́n ìròyìn ewúrẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé sì ti tán nílé. Nítorí náà, bí ìwé yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí o tó ṣe ohunkóhun, mú bírò pupa, kí o sì pa gbogbo èpè yẹn rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti orúnkún ni kí o kọ́kọ́ pa, òun ló le jù. Má gbàgbé ti iyọ̀, nítorí Ìyá Bàrákàt ti ṣèlérí ẹran fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bá mi ra bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ ìyá yẹn pẹ̀lú, èyí tó jóná jù, má sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Olúwa yóò fi ìtura sí ara ọmọ rẹ. Ilé tí ẹ ń gbé yóò jẹ́ ilé fún yín, wọn yóò sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Bí Bólúwadúró bá dàgbà, ìwọ náà yóò ní ẹni tí yóò bò ọ́ láṣìírí bí o ṣe bò mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
arúgbó inú fọ́tò.